Mo Fi Í Sílẹ̀ Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Lẹ́tà kẹta láti Oslo dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ìwé fẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ fẹ́lẹ́:
"Ìtàn yín dára. Kò kàn bá ohun tí à ń wá mu ni."
Orí ìdúró ni mo ti kà á, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀,
ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́.
Mo ká a, mo tún un ká, títí ó fi kéré bí páálí ìṣáná.

Mo gbé ìwé tí mò ń kọ,
mo rì í mọ́ abẹ́ ànàmọ́ nínú àpótí ìsàlẹ̀ ilé.
Mo ní: Åshild, ó tó gẹ́ẹ́.
Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tó ń la ẹja jẹun ní Vardø,
kí ló pa ìwọ àti gègé pọ̀?

Ọjọ́ mọ́kànlá, n kò kọ nǹkan kan.
Ẹ má rò pé mo sunkún. Mo nu fèrèsé.
Mo to ṣíbí. Mo rán ìbọ̀sẹ̀ tí kò ya.
Oòrùn ò yọ níhìn-ín láti ìparí oṣù kọkànlá,
kò sì sẹ́ni tó bú u.
Lẹ́bàá òkun, àwọn igi tí à ń so panla kọ́ dúró lófìfo,
wọ́n ń retí oṣù kejì.
Wọ́n ní panla wa ń dé ìlú olóoru kan tí n kò ní dé láéláé,
wọ́n ń fi í se ọbẹ̀ tí n kò ní tọ́ wò.
Ẹja ò mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n Jentoft.
Àárín gbólóhùn ni mo fi í sílẹ̀ sí,
pẹ̀lú àmì ìdánudúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó ní "mò ń bọ̀",
lẹ́nu ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀ obìnrin,
lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún tí wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀,
ọwọ́ lórí irin ilẹ̀kùn,
yìnyín ń bọ́ sí i lọ́rùn.
Nídìí tábìlì iṣẹ́, mò ń rò ó pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn á ti dì.
Lóru mo yí ara padà: kò tiẹ̀ dé fìlà.
Èmi ni mo gbàgbé láti dé e fún un.

Selvarani, tó máa ń dúró tì mí,
tó wá láti Jaffna lọ́dún tí ogun gba ilé bàbá rẹ̀,
wo ẹja tí mo ti là bà jẹ́.
"Ọkùnrin inú ìwé yẹn ńkọ́? Ó ti wọlé?"
Mo ní wọ́n ti kọ̀ ọ́ ní Oslo.
Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀.
"Àwọn ará Oslo náà, wọ́n mọ̀ ọ́n?"
"Rárá."
"Ta ni wọ́n wá kọ̀?"
Ó kọjú sí ẹja tirẹ̀,
kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí agogo fi lù.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá ànàmọ́.
Ìwé náà ti ń rùn bí erùpẹ̀.
N kò ní ìrètí kankan, kí n má purọ́.
Ìtìjú ló mú mi jókòó,
ìtìjú ẹni tó pe àlejò, tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.
Ibẹ̀ gan-an ni mo wá sunkún.
Bí a bá sì ń sunkún, à máa ríran: mo rí ìlà.

Mo kọ ọ́ pé irin náà ti gba awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú,
pé nígbà tó fà á yọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ kù sórí ilẹ̀kùn.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Kò dára tó ti àkọ́kọ́.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Mo fún un ní fìlà, fìlà bàbá mi, aláwọ̀ eérú,
tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀ kan.

Ìlà mẹ́rin. Bóyá márùn-ún.
Aago kan ti lù, iṣẹ́ ń bẹ láago mẹ́fà.
Nínú ilé, àbúrò rẹ̀ gbọ́ ìró,
ó gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀, ó ní, "Ta nìyẹn?"

N kò tíì mọ ohun tí yóò dáhùn.
Mo fi gègé sáàárín ìwé, mo pa iná.
Orí tábìlì ni mo fi í sí.